Ọdún Mẹ́ta Tí Mi Ò Fi Wo Ẹ̀yìn Káàdì Kan

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti ń dún sí mi létí: "Àǹtí, ó lè jẹ́ ojú mi ni." Mo ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń ro àmàlà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbólóhùn náà ni mò ń gbọ́. Ọmọ tó sọ ọ́ kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Ojú rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, èmi àti òun la sì jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ohun tí mò ń kọ mọ̀ pé káàdì Magic: The Gathering, eré káàdì tí ẹni méjì fi ń bá ara wọn díje, ni mò ń kó jọ, pé èyí tó ń dán, fọ́ìlì, nìkan ni mò ń wá, àti pé nínú gbogbo fọ́ìlì, ti Urza's Legacy, ọ̀kan lára àwọn àkójọ káàdì eré náà, ló gba ọkàn mi. Mi ò ní tún ìtàn eré náà sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọmọ kan ṣe rán mi létí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ohun tí ìyá tó bí mi ti kọ́ mi lọ́jà Gbági nígbà tí mi ò tíì ga ju àtẹ rẹ̀ lọ.

## Ìdí tó fi jẹ́ 1999

Àwa tí à ń kó fọ́ìlì jọ, ohun tí kálukú ń lé yàtọ̀. Àwọn kan ń wá ti Seventh Edition, àkójọ ti 2001, nítorí pé etí funfun ni káàdì lásán inú rẹ̀ ní, ti fọ́ìlì rẹ̀ sì dúdú. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń náwó sí i. Àwọn mìíràn ń lé èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára, irú èyí tó wà nínú The Brothers' War ní 2022, tí káàdì fúnra rẹ̀ á máa sọ fún yín pé ẹ̀dà 500 péré ni àwọn, àti èwo nínú wọn ló wà lọ́wọ́ yín. Èmi, ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá. Ní 1998, wọ́n fi Lightning Dragon kan tó ń dán ta àwọn tó wá fi káàdì Urza's Saga ṣeré kí ó tó jáde lọ́rẹ. Ẹ̀bùn nìyẹn. Oṣù kejì ọdún 1999, pẹ̀lú Urza's Legacy, ni fọ́ìlì kọ́kọ́ wọ inú páàkì tí ẹnikẹ́ni lè fi owó rẹ̀ rà lórí àtẹ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà náà, nínú ọgọ́rùn-ún káàdì, bí ẹyọ kan ló ń dán. Káàdì 15 ló wà nínú páàkì kan, páàkì 36 ló wà nínú páálí kan. Ẹni tó ra odindi páálí ra káàdì 540, bíi márùn-ún ni yóò sì rí tó ń dán. Bẹ́ẹ̀, oríṣi káàdì 143 ló wà nínú Urza's Legacy. Ẹni tó ń wá ẹyọ kan pàtó lè ṣí páàkì títí tí àtàǹpàkò rẹ̀ á fi bó.

Síbẹ̀, ìṣirò yẹn nìkan kọ́ ló sọ wọ́n di ọ̀wọ́n tó báyìí. Ọwọ́ ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí páàkì nígbà náà, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n. Wọ́n pò wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù, wọ́n ń ṣá wọn mọ́lẹ̀ lórí tábìlì láìfi ike wọ̀ wọ́n, wọ́n ń kì wọ́n sínú àpò ṣòkòtò. Ohun tí à ń rí lónìí ni ìwọ̀nba tó bọ́ lọ́wọ́ ayọ̀ wọn. Láti 2019 tí Collector Booster, páàkì tí wọ́n ṣe fún àwa tí à ń kó káàdì jọ, ti dé pẹ̀lú Throne of Eldraine, ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣí páàkì kan ṣoṣo kí ó bá fọ́ìlì jaburata nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Mi ò ní pe káàdì tuntun ní ọ̀bùn láé, nítorí àwọn kan nínú wọn rẹwà ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ń dán nínú gbogbo páàkì, ọkàn mi kì í sáré tọ̀ ọ́.

## Ìyá kékeré

Nínú 143 yẹn, mo ti ní 91. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láàárín wọn ni Mother of Runes.

Ẹni tó bá ti ń ṣeré Magic tipẹ́ mọ̀ ọ́n. Mánà funfun kan ṣoṣo, agbára tí a fi ń pe káàdì sórí tábìlì, lẹ máa fi pè é, agbára rẹ̀ 1, ara rẹ̀ 1, ẹ̀dá tí ẹ̀fọn lè pa. Ṣùgbọ́n bó bá ti sùn mọ́jú kan lórí tábìlì, ó lè dúró ti èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀dá yín kí ó sì bò ó lọ́wọ́ àwọ̀ kan tí ẹ bá dárúkọ, títí àsìkò ẹni tí eré kàn á fi parí. Pupa ni iná tí wọ́n jù? Ẹ dárúkọ pupa, iná á kọjá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa ọmọ, àfi kó kọ́kọ́ pa ìyá. Mo ti rí àgbà òṣèré tó kó ẹ̀dá ńláńlá kalẹ̀ tí ẹni tó dojú kọ ọ́ sì kọjú sí obìnrin kékeré yìí nìkan. Wọ́n ti tún un tẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó wà nínú Eternal Masters ti 2016 pẹ̀lú. Fọ́ìlì ti 1999 ni mo fẹ́.

Mo rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Iye tí mo san ju owó oúnjẹ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, mo sì fi oṣù mẹ́rin tu owó náà jọ. Nígbà tó dé, mo tan iná kékeré orí tábìlì mi, mo ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè ń sáré kọjá lójú ìyá náà. Ìràwọ̀ tó ń já, àmì tí wọ́n fi ń mọ fọ́ìlì àtijọ́, wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Gbogbo rẹ̀ pé. Alẹ́ tí iṣẹ́ bá ti rẹ̀ mí ni mo máa ń yọ ọ́ wò.

Ohun kan wà tó yẹ kó ti ta mí lólobó. Fọ́ìlì máa ń tẹ̀. Pépà ni ara káàdì, ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín kan tí kì í mu omi wà níwájú rẹ̀, òun ló ń dán. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, pépà á sún kì, awọ yẹn kò ní sún. Káàdì á tẹ̀, iwájú rẹ̀ á yọ ikùn. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, pépà á wú, káàdì á sì tẹ̀ sí òdìkejì. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbí, nígbà òtútù tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, fọ́ìlì mi á yọ ikùn bí ọmọ tó yó. Mo gbé mẹ́wàá lọ sí Ìbàdàn lásìkò òjò nígbà kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti tẹ̀ sínú bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Káàdì tó ti tẹ̀ tilẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ níbi ìdíje, nítorí pé alátakò lè mọ̀ ọ́n láìrí iwájú rẹ̀.

Ìyá kékeré mi nìkan kò tẹ̀ rí. Òtútù dé, ó lọ, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo rò pé nítorí bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni.

## Lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀bù káàdì kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀méjì lóṣù. Ọmọkùnrin kan máa ń wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ ṣì ń fà sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ki àgbà láìtẹrí ba. Ó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi tipẹ́ pé kí n mú fáìlì mi wá kó rí i. Mo mú un wá lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dárúkọ wọn bó ṣe ń rí wọn: Karmic Guide, Opportunity, Goblin Welder. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Mother of Runes, ó dákẹ́, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yọ ọ́?" Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ fún un. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa wò wá.

Ó fa awò kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Ó ní wọ́n ti fi káàdì kan rẹ́ òun jẹ rí, pé láti ìgbà yẹn gbogbo ohun tó bá wu òun lòun ń wò. Kò wo iwájú káàdì mi rárá. Ó yí i padà, ó gbé e sábẹ́ awò, ó sì wò ó. Ó gbójú sókè, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àwọn káàdì tirẹ̀, ó fa Plains kan yọ, káàdì ilẹ̀ lásán tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń fi ta ọmọdé lọ́rẹ, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó wò ó, ó tún wo tèmi.

Bó ṣe ń wò ó tó ni inú mi ṣe ń dín kù. Mo mọ ojú ọmọ Yorùbá tó ti rí ohun tí kò lè sọ fún àgbà. Ẹnu rẹ̀ là, ó tún pa á dé. Níkẹyìn, ó gbé awò náà lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti káàdì méjèèjì sún mọ́ mi, ó ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó lè jẹ́ ojú mi ni."

Lẹ́yìn káàdì Magic, ẹ ó rí òbìrìkìtì kéékèèké márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nínú èyí tó ní àwọ̀ ewé, bí awò yín bá lágbára tó, àmì pupa mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n tò bíi lẹ́tà L. Mo kọ́kọ́ wo Plains rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n mọ́ kedere. Mo wo tèmi. Àwọ̀ ewé nìkan ni mo rí, tó fọ́n ká bí ìyẹ̀fun. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Mo nu awò. Mo tún wo Plains, bóyá ojú tèmi náà ló ń ṣe mí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀.

Ayédèrú ni.

Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó dìde, ó lọ ra omi wá fún mi. Nígbà tó padà dé, ó bá mi to ìyókù fáìlì náà padà, ó ń bi mí léèrè nípa Karmic Guide bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Mo ti rí àgbà tí kò lè ṣe ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Ó ní òótọ́ lọ́wọ́ tó lè fi gbá mi lójú, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú mi kí n fi ojú ara mi rí i.

## Léèsì Màámi

Ní Gbági, léèsì ni Màámi ń tà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo máa ń jókòó sábẹ́ àtẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, mo ń wo bí àwọn tó kó ọjà wá ṣe ń bá a dúnàádúrà. Wọ́n á tú léèsì ká, wọ́n á fi iwájú rẹ̀ hàn án, òdòdó, ihò, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa kọ mànà. Wọ́n á ní ti Austria ni, láti Lustenau gangan. Màámi kì í wo ibẹ̀. Á na ọwọ́ òsì, á mú etí aṣọ, á ṣẹ́ ẹ padà. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ó ń wo bí okùn ṣe wọlé àti bó ṣe jáde, bóyá wọ́n so ó tàbí wọ́n kàn gé e sílẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ẹni tó ń ṣe fèkì, iwájú ló máa ń náwó sí, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú oníbàárà máa gbà wọlé.

Èdè wa pè é ní ojúlówó. Ìyá mi, ẹ̀yìn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Èmi ọmọ rẹ̀, tí mo jókòó sábẹ́ àtẹ yẹn fún ọdún gbọọrọ, mo ra káàdì olówó ńlá, mo sì fi ọdún mẹ́ta wo iwájú rẹ̀ nítorí pé iwájú ló ń dán. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn ju owó lọ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Èmi ni mo mú un jókòó nílé mi fún mẹ́ta.

Ohun kan tún wà tí mi ò rò rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Láti 1993 ni ẹ̀yìn káàdì Magic ti wà bẹ́ẹ̀. Wọn kò lè yí i padà, torí bí ẹ̀yìn bá yàtọ̀ síra, ẹ̀yin àti alátakò yín á ti mọ káàdì tó ń bọ̀ kí ẹ tó fà á. Nítorí náà, ẹ̀yìn fọ́ìlì tó wọ́n jù láyé àti ẹ̀yìn Plains tí wọ́n ń fi tọrẹ, ọ̀kan náà ni. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yẹn ṣe: káàdì tí kò níye lórí rárá ni ó fi dán èyí tí mo fi oṣù mẹ́rin tu owó rẹ̀ jọ wò. Ohun tí fọ́ìlì ní tí káàdì lásán kò ní, ìyẹn dídán, ni àwọn oníjìbìtì lè ṣe. Ohun tó jọ ní pẹ̀lú káàdì lásán ni ọwọ́ àwọn tó ṣe tèmi kò tó. Mo ti ń kó káàdì jọ fún ọdún méjìlá, ohun tó yàtọ̀ nìkan ni mo sì ń wò.

## Ṣé ayọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn parọ́?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń tù mí nínú. Wọ́n ní tí mo bá ti gbádùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ló wá kù? Wọ́n ní àwòrán náà ò yí padà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Mi ò ra káàdì yẹn nítorí àwòrán. Àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Mo rà á nítorí pé mo gbà pé pépà yìí gan-an wà níbẹ̀ ní 1999. Ẹnì kan, ọmọdé kan bóyá, ya páàkì lọ́dún yẹn, ó bá ohun kan tí kò rí irú rẹ̀ rí, ó kígbe. Káàdì náà gbọ́ igbe yẹn. Ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, ẹlẹ́rìí ló ń kó jọ, àwọn ohun tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò sí níbẹ̀. Ayọ̀ mi kì í ṣe irọ́, èmi ni mo yọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí èké ni mo yọ̀ lé lórí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe nǹkan méjèèjì yẹn ní ọ̀kan náà.

Mo wá ẹni tó tà á fún mi lọ. Kò sí mọ́ níbi tí mo ti rà á.

Mo ra awò tèmi. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wo 90 tó kù, mẹ́wàá mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló ní àmì pupa mẹ́rin. Ní alẹ́ kẹrin, mo ti mọ̀ pé wọ́n á pé, síbẹ̀ mi ò dáwọ́ dúró, torí mo ti ń rí nǹkan mìíràn. Ẹ̀yìn wọn ni ìgbésí ayé wọn wà. Níwájú, fọ́ìlì lè ṣì máa dán. Lẹ́yìn, ibi tí ìka ti ń di ètí rẹ̀ mú ti funfun, igun kan ti rọ̀, òmíràn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí wọ́n ti fà á kọjá lórí tábìlì. Tẹ́lẹ̀, àbùkù ni mo ń pe ìwọ̀nyí, mo sì máa ń fi wọ́n já owó lulẹ̀. Àwọn ọmọ 1999 ni mò ń rí báyìí, àwọn tí wọn kò mọ̀ pé ohun ọ̀wọ́n ló wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi ṣeré.

Mi ò ju ayédèrú náà nù, mi ò sì ní tà á fún ẹnikẹ́ni. Mo fi gègé dúdú kọ AYÉDÈRÚ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé lẹ́yìn mi, ẹnì kan tún fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà á. Iwájú rẹ̀ ṣì ń dán gidigidi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Mother of Runes mìíràn rà níbi ìpàtẹ kan. Wọ́n ti fi ṣeré dáadáa. Ìlà gígùn kan gba iwájú rẹ̀ kọjá, ètí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti funfun, iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Kí n tó sanwó, mo yí i padà, mo yọ awò mi, mo sì fa Plains jáde nínú àpò mi. Ọkùnrin tó ń tà á kò bínú. Ó dúró tì mí títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbé e sórí tábìlì mi nílé. Ní ọjọ́ kejì, ó ti tẹ̀, iwájú rẹ̀ ti yọ ikùn díẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ iná, níbi tó ti ń dán jù, mo fi ránṣẹ́ sí Màámi lórí WhatsApp. Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wá dígí ojú wọn.

"Àdùkẹ́, ó dára," ni wọ́n kọ. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Mo yí káàdì náà padà, mo sì ya òmíràn.